Orúnkún Àjàyí

Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni Yorùbá ń pè ní Àjàyí. Kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ló yan orúkọ náà. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló mú un tọ̀run wá. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló máa kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn, torí òun ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Àjàyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kó tẹrí ba, kó sì sáré wọ àárín àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tóbi jù ú lọ. Jay Ajayi ni wọ́n ń pè é. Ìlú London ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1993, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó di running back nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fọwọ́ gbá ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ọmọ Ìbà Housing Estate nínú eré tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò. Ó kàn wá nílé wa. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní ìpele 200 báyìí. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ló ti mọ eré sá. Bí wọ́n bá ń ṣe ìdíje láàárín ilé kan sí ìkejì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń ké. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ń sáré, wọ́n ń fò, àwọn kan sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú aago lọ́wọ́, wọ́n ń kọ nǹkan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, kí òun lè gbájú mọ́ ìmúrasílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Màámi bi í pé, "Ṣé eré ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni àbí ìjà?" Bàbá wa kò tilẹ̀ dá a lóhùn, wọ́n kàn yí rédíò sókè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kì í ṣe àlá lásán. Láti ọdún 2022 ni NFL fúnra rẹ̀ ti ń ṣètò ibùdó ìdánwò nílẹ̀ Áfíríkà. Ghana ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Osi Umenyiora sì wà lára àwọn tó ṣaájú iṣẹ́ náà, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, tó gba ife Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú New York Giants. Ẹ̀wù ẹgbẹ́ wọn pàápàá ti wà láàárín wa tipẹ́. Ẹ lọ sídìí òkìríkà ní Ìyànà-Ìbà, ẹ máa rí i: ẹ̀wù fífẹ̀, nọ́ńbà ńlá láyà àti lẹ́yìn, orúkọ ẹnì kan ní èjìká. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ̀ ọ́ lọ kíláàsì ní LASU kò mọ ẹni tó ni orúkọ náà. Ohun tí èmi máa ń rò bí mo bá rí i ni pé orúkọ ibẹ̀ tètè ń gbó ju aṣọ lọ. Aṣọ ṣì le koko, ẹni tó ni orúkọ ti kúrò nínú líìgì.

Nítorí àbúrò mi ni mo ṣe jókòó ti ìtàn Àjàyí yìí. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ gan-an.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò wo eré náà rí, àlàyé rẹ̀ kò gùn. Ẹni 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tó ń darí eré, tí wọ́n ń pè ní quarterback, lè ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà jíjìn, ó sì lè fi lé running back lọ́wọ́. Bó bá ti fi lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di tẹni tó gbà á. Ó gbọ́dọ̀ wá ihò láàárín ògiri ènìyàn kí ihò náà tó dí, kó sì gba ibẹ̀ kọjá. Running back tó bá ń rí yáàdì mẹ́rin jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá sáré, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Yáàdì mẹ́rin kò sì ju òòró yàrá kan lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá sáré ni wọ́n máa gbé e ṣubú, ẹnì kan tàbí ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún nìyẹn: kó dìde, kó tún lọ.

Jay wà ní ọmọ ọdún méje tàbí kó máà tíì pé nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì wá fìdí kalẹ̀ ní Texas. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló kọ́kọ́ fẹ́ràn, ó sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Arsenal títí di òní. Ṣùgbọ́n Texas kì í ṣe ibi tí ọmọ tó bá lágbára, tó sì yára, yóò ti bọ́ lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ó gba ibẹ̀ wọ Boise State University ní ìpínlẹ̀ Idaho ní 2011. Kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan fún wọn nígbà tí iṣan orúnkún rẹ̀ já. Iṣan yìí ló so eegun itan mọ́ ojúgun. Bó bá já, iṣẹ́ abẹ ni, lẹ́yìn náà oṣù gbọọrọ ni ènìyàn máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń sáré. Ọmọ ọdún 18 ni Jay nígbà náà.

Ó padà bọ̀ sípò, ó sì padà dáadáa. Ní sáà 2014, ó sáré yáàdì 1,823, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i fún yáàdì 535. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni ní ìpele tó ga jù lọ nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà tó kó irú nǹkan méjèèjì pọ̀ nínú sáà kan ṣáájú rẹ̀, kó ju 1,800 lọ ní eré sísá, kó sì tún ju 500 lọ ní gbígbà. Lẹ́yìn èyí ló kéde pé òun ti ṣetán fún NFL.

Ibí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ 32 inú líìgì náà máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti yunifásítì, ìpele méje ni. Kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni, dókítà wọn á yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtàrí ẹsẹ̀. Ìròyìn wá jáde kí ìyàn ọdún 2015 tó wáyé pé orúnkún Àjàyí kò dára, pé kerekere inú rẹ̀ ti ń jẹ, pé ó ṣeé ṣe kó má pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó sáré yáàdì 1,823 jókòó, orúkọ ẹni 148 ni wọ́n pè ṣáájú tirẹ̀. Ìpele karùn-ún ni Miami Dolphins tó mú un. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹni tó sọ pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Orúnkún ni wọ́n díye lé, wọ́n sì ra ọmọ náà ní iye orúnkún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye yìí ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀, torí bí àdéhùn wọn ṣe rí. Ẹni tí wọ́n bá yàn báyìí máa ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin, ipò tí wọ́n ti mú un ló sì ń sọ iye tó máa gbà. Kódà bó bá di ìràwọ̀ ní ọdún kejì, ó gbọ́dọ̀ sin èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà kó tó lè béèrè owó ńlá. Owó gidi wà nínú àdéhùn kejì. Ní ipò mìíràn lórí pápá, àdéhùn kejì máa ń bá agbábọ́ọ̀lù nígbà tó ṣì lókun. Ti running back kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń tọ́ka sí ni pé running back kì í tó ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tá a bá pín in dọ́gba. Ẹ fi ọdún mẹ́ta wé ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dé ibi tí owó wà.

Sáà 2016 ni Àjàyí fi han gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá, kóòṣì fi í sílẹ̀ nílé, kò bá wọn lọ sí Seattle. Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ó sáré yáàdì 204 lára Pittsburgh Steelers. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sáré 214 lára Buffalo Bills. Ẹni mẹ́ta péré ló ti ṣe irú èyí ṣáájú rẹ̀ nínú ìtàn líìgì náà, kí wọ́n kọjá 200 nínú eré méjì tó tẹ̀ léra wọn: O.J. Simpson, Earl Campbell àti Ricky Williams. Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó tún padà lọ bá Buffalo nílé wọn, ó sáré 206. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ wá ń pè é ní Jay Train, ọkọ̀ ojú irin. Àpapọ̀ rẹ̀ ní sáà náà jẹ́ yáàdì 1,272 nínú ìgbà 260 tó gbé bọ́ọ̀lù sáré. Àbúrò mi máa ń pariwo 1,272 yẹn. Èmi máa ń ronú nípa 260. Ìgbà 260 ni orúnkún tí wọ́n ti bu iye fún yìí wọ àárín èrò.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2017, Miami tà á fún Philadelphia Eagles, ohun tí wọ́n gbà lórí rẹ̀ kò ju àǹfààní ìyàn ìpele kẹrin lọ. Ó dé bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe dáadáa. Nínú eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún wọn, ó sáré yáàdì 46 wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2018, Eagles na New England Patriots 41 sí 33 ní Minneapolis, wọ́n gba Super Bowl tí wọn ò gbà rí. Àjàyí gbé bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lọ́jọ́ náà, ó jèrè yáàdì 57. Òrùka Super Bowl wà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá nígbà tí kò tíì pé ọdún 25.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹwàá 2018, iṣan orúnkún já lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí wọ́n ń gbá pẹ̀lú Minnesota Vikings. Ẹ rántí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin yẹn. 2015, 2016, 2017, 2018. Ọdún kẹrin gan-an ni. Àdéhùn kejì, èyí tí owó wà nínú rẹ̀, kò dé mọ́. Eagles pè é padà fún ìgbà díẹ̀ ní ìparí 2019, kò sì sáré mọ́ lẹ́yìn sáà yẹn. Ọmọ ọdún 26 ni. Ní 2020, ó gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà fún Philadelphia Union, eré FIFA, lọ́nà tí wọ́n ń sanwó fún. Ní 2022 ló kéde ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Ọdún 26 yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ ti rí i nínú ìpolówó iṣẹ́ ní ìlú yìí: "ọjọ́ orí kò gbọdọ̀ ju 26 lọ". Ẹni tó bá gboyè lẹ́yìn tó ti lé ní ọdún 30, kò ní sìn gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ìwé ìyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wa ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi oṣù mẹ́sàn-án jókòó sílé ní 2020 nítorí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n tún fi oṣù mẹ́jọ jókòó ní 2022. Àwọn tó gba oṣù wọ̀nyẹn lọ́wọ́ wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ orí wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àyé running back kúrú, tiwa sì gùn, mo máa ń ní kó lọ ka ìpolówó iṣẹ́. Aago ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wa, ẹlòmíràn ló sì gbé e kọ́ ògiri.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ fún àbúrò mi pé "jókòó tìwé rẹ, ìyẹn ló dájú". Kì í ṣe òótọ́ pátápátá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ Christian Okoye pẹ̀lú, ọmọ Enugu tó lọ sí Amẹ́ríkà nítorí eré jíju disiki, tí wọ́n yọ kúrò nínú ikọ̀ Nàìjíríà fún Òlíḿpíìkì 1984, tó wá kọ́ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tó ti lé ní ogún ọdún, tó sì sáré ju gbogbo líìgì lọ ní 1989 pẹ̀lú yáàdì 1,480. Sáà mẹ́fà ni òun náà ṣe. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n mo rí ẹlòmíràn tí mo fi hàn án, tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Dare Ogunbowale ni. Ògúnbọ̀wálé ni tiwa ń pè é, ọmọ Milwaukee, ẹ̀gbọ́n Arike, ọmọbìnrin tó ju bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó fún Notre Dame ní ife-ẹ̀yẹ ní 2018. Nígbà tí Dare dé University of Wisconsin, wọn ò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Òun ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́. Ẹ̀yìn ló ti kọ́kọ́ ń ṣọ́ ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ di running back. Ní 2017, gbogbo ìpele méjèèje parí, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó pe orúkọ rẹ̀. Kò sáré tó yáàdì 1,000 nínú sáà kankan ní NFL. Síbẹ̀ ní sáà 2024, nígbà tí Àjàyí ti fẹ̀yìn tì, Ògúnbọ̀wálé ṣì wà lórí pápá pẹ̀lú Houston Texans.

Kí ló mú un pẹ́? Gbogbo iṣẹ́ tí ìràwọ̀ kì í fẹ́ ṣe ló mọ̀ ọ́n ṣe: kó dúró gbà lójú ẹni tó fẹ́ gbé quarterback ṣubú, kó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jìnnà, kó mọ ipò ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Texans ń gbá pẹ̀lú Tampa Bay, ẹni tó máa ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn fara pa. Kò sí arọ́pò. Ògúnbọ̀wálé ló jáde, running back, ó fẹsẹ̀ gbá a láti yáàdì 29, ó wọlé, ó di àmì 3. Texans jáwé olúborí pẹ̀lú 39 sí 37. Ẹ fi 3 wé ìyàtọ̀ àmì tó wà láàárín wọn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

N kò sọ pé kí àbúrò mi fi Àjàyí sílẹ̀ kó mú Ògúnbọ̀wálé. Òrùka wà lọ́wọ́ Àjàyí, ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì yẹn ní Buffalo, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń bá a fà ni pé kó má tò sẹ́yìn ohun kan ṣoṣo tí dókítà ẹlòmíràn lè fi ìka tẹ̀ wò, kó sì sọ iye rẹ̀. Bó bá dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, ó ti fi ọdún tirẹ̀ kún aago àwọn tó ń polówó iṣẹ́, orúnkún rẹ̀ nìkan ló sì máa kù tó máa gbé lọ sọ́jà.

A ti ń sún mọ́ ìfohùnṣọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ fún àwọn kọ́ọ̀sì rẹ̀. Èmi náà ti gbà láti máa jí i ní aago márùn-ún ìdájí, kó lè sáré ní àdúgbò kí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gba ojú ọ̀nà. Bí ìdánwò bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí àkókò ìsinmi, màá bá a bẹ Bàbá wa nítorí owó ọkọ̀. Màámi ṣì ní ìjà ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò sí iná, a jókòó síta, ó bi mí pé, "Àǹtí mi, ká ní wọ́n sọ fún Àjàyí ní 2011 pé ọdún díẹ̀ péré ló ní, ṣé ẹ rò pé kò ní sáré?"

Mo ní ó máa sáré. Mo fi kún un pé àwọn tó ra orúnkún rẹ̀ mọ iye ọdún tó ṣeé ṣe kó kù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó, ó sì yẹ kí ẹni tó ń tà á náà mọ̀ ọ́n.